Résumé, resume tàbí CV: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò fi ní ṣì yín gbọ́

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ wa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì wáṣẹ́: orúkọ ìwé tá a fi ń wáṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣé "résumé" ni àbí "resume"? Ṣé àmì kan ló wà lórí rẹ̀ ni àbí méjì? Àbí kí n kúkú kọ CV kí n sinmi? Ìwé Faransé la kà. Tíṣà tó kọ́ wa kì í fi àmì orí e ṣeré rárá, ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀, máàkì ẹ̀ á dín. Nítorí náà, tá a bá rí "resume" lásán nínú ìpolówó iṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ọkàn wa kì í balẹ̀.

Ká sòótọ́, àmì yẹn ló kéré jù nínú wàhálà ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń kó bá ìwé àwa tá a ka Faransé ni pé a máa ń gbé ìtumọ̀ Faransé wọnú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì rò pé bí ọ̀rọ̀ ṣe jọra ni ìtumọ̀ ṣe jọra. Ìtumọ̀ ló máa gba àyè jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Tí ẹ bá wá nítorí àmì nìkan, ẹ ka apá tó tẹ̀ lé èyí, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Fún ẹni tó ń kánjú

- Ìwé ń lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Kánádà: ẹ kọ "résumé" pẹ̀lú àmì méjì, tàbí "resume" láìsí àmì kankan. Méjèèjì tọ̀nà.
- Ìwé ń lọ sí Ìlú Ọba, Nàìjíríà tàbí Gánà: ẹ kọ "CV".
- Ìpolówó iṣẹ́ ti dárúkọ ìwé tí wọ́n fẹ́: orúkọ tí wọ́n pè é náà ni kí ẹ pè é, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an.
- Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ ké ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ má lo "resume" rárá. "Summarise" lẹ ń wá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ẹni tó máa kà á

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ wádìí ibi tí agbanisíṣẹ́ náà wà àti irú iṣẹ́ tó fẹ́ fúnni.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, "résumé" ni ìwé kúkúrú tí ẹ fi ń wáṣẹ́ lásán: iléeṣẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì, bánkì. Ojú ewé kan, ó pọ̀ jù méjì. "CV" lọ́dọ̀ wọn jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìwé gígùn tí olùkọ́ yunifásítì àti olùṣèwádìí máa ń kọ ni, tí wọ́n ń to gbogbo àpilẹ̀kọ wọn, àpérò tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àti kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùtajà tó wá ní òun fi "CV" ránṣẹ́ kò dẹ́ṣẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ yunifásítì ibẹ̀ ló ní kí ẹ fi CV ránṣẹ́, tí ẹ wá fi ojú ewé kan péré ránṣẹ́, ẹ ti pàdánù àyè láti fi iṣẹ́ yín hàn.

Ní Ìlú Ọba àti láwọn ilẹ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ wọn, CV ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́, ì báà gùn, ì báà kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìgòlò tàbí Ìlárá kọjá lọ wáṣẹ́ ní Nàìjíríà, "CV" ni kí ẹ kọ. Wọ́n mọ "résumé" níbẹ̀, àmọ́ CV ló wà lẹ́nu wọn.

Ìkìlọ̀ kan rèé: tí ẹ bá ti pè é ní résumé fún ará Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí ohun tó wà nínú ẹ̀ jọ résumé. CV tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí wa sí, bóyá a ti ṣègbéyàwó, iye ọmọ tá a bí. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Lọ́hùn-ún, agbanisíṣẹ́ kì í fẹ́ rí i, torí òfin wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn yan ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù, ímeèlì àti ìlú tí ẹ ń gbé ti tó lókè.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ máa rí:

1. "résumé", àmì lórí e méjèèjì, bíi ti Faransé.
2. "resume", kò sí àmì kankan.
3. "resumé", àmì kan ṣoṣo lórí e tó gbẹ̀yìn.

Ìwé atúmọ̀-èdè Merriam-Webster ti Amẹ́ríkà gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, "résumé" ló sì fi ṣáájú. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó lo ìkẹta. Mo mọ ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ràn ẹ̀: àmì ìkẹyìn yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé kó pe e náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Faransé díẹ̀ tó bá rí i, ohun tó máa rò ni pé ẹ gbàgbé ọ̀kan, pàápàá tó bá ti rí i lórí ìwé yín pé Bẹ̀nẹ̀ lẹ ti wá. Ẹ fi méjèèjì sí i tàbí kí ẹ yọ méjèèjì.

Èwo ló sàn nínú méjì tó kù? Nínú lẹ́tà àti lórí ìwé fúnra rẹ̀, "résumé" ló wù mí, torí kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà. Nínú àpótí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí, àti ní orúkọ fáìlì, "resume" láìsí àmì ni kí ẹ lò. Mo máa sọ ìdí ẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 6. Ohun tí kò dáa ni kó jẹ́ "résumé" ní ìpínrọ̀ kìíní, kó di "resume" ní ìpínrọ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ ṣe máa tẹ é

- Kíbọ́ọ̀dù Faransé (èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AZERTY): é wà lórí bọ́tìnnì 2 lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn.
- Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì (QWERTY) lórí Windows: ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ 0233 níbi tí àwọn nọ́ńbà kóra jọ sí lápá ọ̀tún, kí ẹ wá fi Alt sílẹ̀. Num Lock gbọ́dọ̀ wà ní títàn.
- Nínú Word lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì: ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ àmì apostrophe, kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ e.
- Mac tó ní kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà: Option pẹ̀lú e, lẹ́yìn náà e lẹ́ẹ̀kan sí i.
- Fóònù: ẹ fọwọ́ tẹ e mọ́lẹ̀ títí tí àwọn é, è, ê yóò fi yọ, kí ẹ yan é.

Lẹ́tà ńlá ló máa ń dààmú èèyàn. Tí ẹ bá fẹ́ kọ RÉSUMÉ sórí ìwé, tí ẹ sì tan Caps Lock lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé ti Windows, nọ́ńbà 2 ló máa jáde dípò É. Ẹ lo Alt àti 0201. Tí kọ̀ǹpútà cyber tí ẹ wà bá kọ̀, ẹ kọ "Resume" sókè láìsí àmì. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kọ "RESUMé", ó burú lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá tẹ̀wé, é tí ẹ fi ń kọ "dé" náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan ń tẹ e lọ́tọ̀, wọ́n á wá gbé àmì lé e lórí lọ́tọ̀. Lójú yín, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà méjì ni, ó sì lè má rí ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n bá wá a. Ẹ pààrọ̀ sí kíbọ́ọ̀dù Faransé fún ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká

Kò sí lẹ́tà ńlá láàárín gbólóhùn: "my résumé". Ẹ má fi sínú àmì àyọlò, ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ṣe ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àjèjì; ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni báyìí. Tó bá ju ọ̀kan lọ, "résumés".

CV ló ní pàkúté. Lédè Faransé, "des CV" là ń kọ, kò sí s. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ s: "two CVs". S yẹn kékeré ni, kò sì sí apostrophe níwájú ẹ̀. "CV's" tí ẹ ń rí káàkiri, ti CV ló túmọ̀ sí, kì í ṣe CV púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe wò

Ibí yìí ni wàhálà wà. "Resume" tún jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú "résumer" tiwa. "To resume" ni pé kí èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ nǹkan tó ti dá dúró. Ìpàdé tó sinmi fún oúnjẹ ọ̀sán tó tún ń bá a lọ, "the meeting resumed". Ohun tí Faransé ń pè ní "reprendre" ni.

Ẹ wá wo ẹni tó kọ "I resume my experience". Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun ké ìrírí òun kúrú. Ohun tí ará Amẹ́ríkà kà ni pé ó ń tún ìrírí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ní yé e, kò sì ní béèrè. Yóò ṣí ìwé ẹlòmíràn.

Pàkúté kejì wá láti Nàìjíríà. Níbẹ̀, "resume" ni wọ́n ń pe ọjọ́ tí èèyàn máa dé ẹnu iṣẹ́, àní tó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀: "You will resume on Monday." Lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, kò sí àléébù kankan nínú ẹ̀, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún wọn. Tí ìwé bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, ẹ kọ "start". Lójú tiwọn, ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rí kò lè "resume".

Ọ̀nà tó yá jù láti yẹ ara yín wò: ẹ ka gbólóhùn náà sókè. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ ń sọ, ohùn ẹ máa wúwo níwájú, "rẹ́-su-mei", e ìkẹyìn á sì dún. Tó bá jẹ́ ìṣe, e ìkẹyìn kò ní dún, ẹ̀yìn ló máa wúwo, "ri-súùm". Nínú méjèèjì, s yẹn ń dún bíi z inú "zémidjan". Ẹ tún ṣàkíyèsí pé e àkọ́kọ́ ti ìwé yẹn, ẹ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bí ẹ tilẹ̀ fi àmì lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ 6: Orúkọ fáìlì àti fífi ránṣẹ́

Ẹ má fi é sí orúkọ fáìlì tàbí sínú àpótí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn lè máà mọ̀ ọ́n kà, "résumé" yín á wá di "rÃ©sumÃ©" lójú ẹni tó gbà á. Ẹ̀yin ò ní mọ̀, torí ó pé pérépéré lórí kọ̀ǹpútà tiyín.

1. Ẹ fi orúkọ ìdílé yín síwájú, kí "Resume" tàbí "CV" tẹ̀ lé e, láìsí àyè láàárín: "Adeoti_Resume.pdf".
2. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní Adéọ̀tí lókè ìwé, tó sì jẹ́ ADEOTI ni pásípọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ kí ti pásípọ́ọ̀tù wà nínú fọ́ọ̀mù.
3. Ẹ sọ ọ́ di PDF, àyàfi tí wọ́n bá ní Word làwọn fẹ́.
4. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ ṣí i lórí fóònù. Tí àmì kan bá ti dàrú, ibẹ̀ lẹ máa ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká tún lẹ́tà kan ṣe

Mo kọ èyí fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ ọ́n dáadáa:

"Dear Sir, I send you my resumé in attached piece. I resume here my experiences: I have the licence in English and I did a stage of six months in a hotel. You will find also the resume of my mémoire. I can resume on the first of next month."

Bó ṣe yẹ kó rí rèé, tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà:

"Dear Sir or Madam, Please find attached my résumé. In summary, I hold a Licence, a three-year bachelor's degree, in English, and I completed a six-month internship at a hotel. I have also attached the abstract of my thesis. I can start on the first of next month."

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. "In attached piece", "en pièce jointe" ni wọ́n gbé wá ní tààràtà. "Attached" nìkan ti tó. "I resume here", a ti sọ ìyẹn. "In summary" ṣe iṣẹ́ náà. "Licence" láìsí àlàyé, ohun tí wọ́n máa rò ni ìwé àṣẹ, bíi ti ìwakọ̀. Ẹ má pààrọ̀ orúkọ ìwé ẹ̀rí yín o, torí òun ló wà lórí ìwé náà, ẹ kàn fi àlàyé kúkúrú tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún "Baccalauréat". "Stage" nínú Gẹ̀ẹ́sì, pèpéle tí wọ́n ti ń kọrin ni. Ẹni tó ní òun ṣe "stage" ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á bi í pé irú orin wo ló ń kọ. "Internship" ni kí ẹ kọ.

Ibi tí "résumé" kò yẹ rárá

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ mémoire ní yunifásítì, ojú ewé méjì ni wọ́n máa ń béèrè: "Résumé" lédè Faransé, "Abstract" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má kọ "Résumé" sórí ti Gẹ̀ẹ́sì. Fún àwọn nǹkan mìíràn:

- àkékúrú àpilẹ̀kọ ìwádìí: "abstract"
- àkékúrú ìwé tàbí ọ̀rọ̀ kan: "summary"
- ojú ewé tó ṣáájú ìjábọ̀ iléeṣẹ́ tàbí àjọ: "executive summary"
- ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé: "minutes"

Ẹnì kan lè sọ pé òun rí "a résumé of events" nínú ìwé àwọn ará Ìlú Ọba. Òótọ́ ni, ìwé atúmọ̀-èdè wọn gbà á gẹ́gẹ́ bí àkékúrú. Ṣùgbọ́n "summary" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà níbikíbi, kí la wá ń fi ara wa wéwu fún?

"Lettre de motivation" náà kì í ṣe "motivation letter" tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni. "Cover letter" ni wọ́n ń pè é.

Kí ẹ tó tẹ "Send"

- Ṣé orúkọ tí wọ́n pe ìwé náà nínú ìpolówó lẹ lò?
- Ṣé àmì jẹ́ méjì tàbí òdo, tó sì rí bákan náà jálẹ̀?
- Ẹ wá "resume" jákèjádò lẹ́tà yín. Ṣé ìwé ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí?
- Ṣé fọ́tò àti ọjọ́ ìbí ti kúrò, tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ń lọ?
- Ṣé orúkọ fáìlì kò ní àmì, tí fáìlì náà sì wà nínú ímeèlì lóòótọ́?

Tó bá ti lọ ńkọ́?

Tó bá jẹ́ àmì lẹ gbàgbé, ẹ má kọ ímeèlì kejì láti fi tọrọ àforíjì. Wọn ò tiẹ̀ ní ṣàkíyèsí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ ló dàrú, tàbí ìwé Faransé lẹ fi ránṣẹ́ dípò ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi èyí tó dáa ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú gbólóhùn kan péré: "Please use this version in place of the one I sent earlier." Ẹ má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.